Omi Tó Gun Òkè ní Lafẹ́nwá

Ọmọ apẹja kan ló kọ́kọ́ rí i. A há ara wa mọ́ orí bẹ́ǹṣì nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Lafẹ́nwá, ojú gbogbo wa wà lára tẹlifíṣọ̀n, àfi bó ṣe nàka lójijì, ó ní, "Ẹ wò ó, omi yẹn ń gun òkè!"

Òótọ́ ni. Ọkọ̀ àwọn òyìnbó náà ń lọ lójú odò, àpáta wà lẹ́yìn rẹ̀, omi tó yẹ kó máa já ṣọ̀ọ̀rọ̀ wálẹ̀ láti orí àpáta ń padà lọ sókè bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Bọ̀dá onífídíò fò dìde. Ó rò pé ẹnì kan ló jókòó lé rìmóòtù, tí kásẹ́ẹ̀tì fi ń yí padà sẹ́yìn. Ó wo rìmóòtù, ó wo ojú ẹ̀rọ, ó gbá ẹ̀rọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe máa ń gbá a. Kò sóhun tó ṣe é. Kó tó jókòó padà, omi ti lọ, ejò ti dé, kò sì sẹ́ni tó tún béèrè ọ̀rọ̀ omi mọ́.

Anaconda ni fíìmù náà. Oṣù kẹrin ọdún 1997 ni wọ́n gbé e jáde ní Amẹ́ríkà. Àwa tiwa ní Abẹ́òkúta, ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ọdún 1998 ló tó kàn wá. Mo jẹ́ ọmọ ọdún 11.

Ọdún tó le ni ọdún náà. Ọjọ́ 8 oṣù kẹfà, Abacha, olórí ìjọba ológun, kú, àwọn ènìyàn jó ní ìta gbangba. Ọjọ́ 7 oṣù keje, MKO Abíọ́lá kú, ọmọ Gbágùrá, ọmọ wa. Ẹni tó bá wà ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́ náà kò ní gbàgbé bí ìlú ṣe dà. Ìyá mi àgbà, tó ń ta láfún lọ́jà Lafẹ́nwá, kó igbá rẹ̀ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọjú. Láàárín ikú méjèèjì ni ìdíje tiwa nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé bọ́ sí. Nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà yẹn la ti wo bí Super Eagles ṣe na Spain ní 3-2 tí a fi rò pé ife ti délé, la ti wo bí Paraguay ṣe gbá wa ní 3-1, ibẹ̀ náà la wà tí Denmark fi 4-1 kó ẹrù wa lé wa lórí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ Paraguay yẹn sọ́kàn, a ó lò ó láìpẹ́. Lẹ́yìn ikú Abíọ́lá, ṣọ́ọ̀bù náà tì pa fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì. Nígbà tó máa ṣí, ejò ló fi ṣí.

Rédíò ni bọ̀dá náà ń tún ṣe lójoojúmọ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á kó àwọn rédíò tó ti tú ìfun wọn síta sábẹ́ tábìlì, á fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, á gbé bẹ́ǹṣì mẹ́rin kalẹ̀. Náírà 5 lọmọdé ń san, àgbà ń san 10. Bí ebi bá ń pa á, ó lè gba àgbàdo sísun lọ́wọ́ ẹni tí kò lówó. Ẹ̀rọ fídíò rẹ̀ tètè máa ń dọ̀tí nínú. Tí òjò bá ti ń rọ̀ lójú àwòrán, á yọ owó tuntun kan lápò, èyí tó ṣì ń dún ṣàṣà, á fi nu héèdì rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń nu imú ọmọ ìkókó. Owó tó bá fi ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ná an. Ó ní owó iṣẹ́ ni.

Gẹ̀ẹ́sì inú fíìmù kò yé wa. Kò fi bẹ́ẹ̀ yé bọ̀dá náà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dí i lọ́wọ́. Ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló máa ń dúró sí, tí á máa túmọ̀ fún wa bí àwọn òyìnbó ṣe ń ya ẹnu. Nígbà náà, ènìyàn méjì péré la mọ̀ nínú fíìmù: áktọ̀ àti bọ́ọ̀sì. Áktọ̀ kì í kú. Bọ́ọ̀sì á kú, ṣùgbọ́n á pẹ́ kó tó kú. Àwọn tó kù, oúnjẹ ni wọ́n, kò sì sí fíìmù tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣẹ tó ti Anaconda.

Àwọn kan ló gbé kámẹ́rà wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń lọ sínú igbó Amazon lọ wá ẹ̀yà kan tí wọ́n ló fara pamọ́ síbẹ̀. Wọ́n rí ọkùnrin kan lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ tirẹ̀ ti há, àánú ṣe wọ́n, wọ́n gbé e. Kò pẹ́ tó fi hàn pé ejò lọkùnrin náà ń wá, ó sì gba ọkọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Bọ̀dá onífídíò ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún wa. Ó ní ejò náà ló gbé bàbá ọkùnrin yẹn mì nígbà tó wà ní kékeré, ó sì ti búra níwájú òkú ìyá rẹ̀ pé òun kò ní fi orí kan ìrọ̀rí àfi tí òun bá pa á. Ọkàn wa rọ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ pòṣé. Bọ̀dá wá fi kún un pé ará Paraguay ni.

"Páràgúè!"

Bẹ́ǹṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé. Ọjọ́ tí wọ́n gbá wa ní 3-1 kò tíì kúrò lára wa, wọ́n wá ní kí á káàánú ọmọ Paraguay. Láti ìṣẹ́jú náà lọ, ẹ̀yìn ejò la wà.

Jon Voight ló ṣe bọ́ọ̀sì yẹn, ọkùnrin tó ti gba Oscar nítorí fíìmù Coming Home. Ó fún ẹnu pọ̀, ó dín ojú, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa sọ pé ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ yẹn kò jọ ti ìlú kankan láyé. Àwa ò mọ̀yẹn. Lójú tiwa, bó ṣe yẹ kí bọ́ọ̀sì máa sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Àbùkù fíìmù náà pọ̀, mi ò ní bò ó. Ejò ibẹ̀ ń ké. Ká ní ó ń fọn bí ejò ni, ọ̀rọ̀ ò bá tán, ṣùgbọ́n igbe gidi ló ń ké, bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń dì lókùn lọ sọ́jà. Ènìyàn ló ké e, Frank Welker, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ kún inú kàtúùnù àwọn ọmọdé. Ejò tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 40, ṣì dára díẹ̀. Ó wúwo, ó ń yí bí ẹni tó yó. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti gbé ti kọ̀ǹpútà wọlé, ara ejò á kàn máa dán bíi ike tuntun, á sì máa sáré ju ọ̀kadà lọ. Anaconda tòótọ́, èyí tó wà ní Amẹ́ríkà ti gúúsù, ṣọ̀wọ́n kó ju ẹsẹ̀ bàtà 20 lọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ síwájú fíìmù náà tún ní ejò yìí máa ń pọ ohun tó gbé mì kó lè rí ààyè pa òmíràn jẹ. Irọ́ gbuu. Ejò tó yó, tí wọ́n wá lé, lè pọ oúnjẹ rẹ̀ kí ara rẹ̀ lè fúyẹ́ kó sì sá lọ. Ọdẹ èyíkéyìí ní Ẹ̀gbá tó ti bá òjòlá pàdé ní ibi tó sùn sí lẹ́yìn oúnjẹ á sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Ọ̀kánjúà tí wọ́n ń pè mọ́ ejò yẹn, ọwọ́ ọmọ ènìyàn ló wà.

Ọkùnrin kan tún wà níbẹ̀, dókítà, tí a gbà pé òun ni áktọ̀. Ó wọ omi lọ, agbọ́n sì ta á ní ọ̀fun lábẹ́ omi. Ẹ má bi mí ohun tí agbọ́n ń wá lábẹ́ omi. Láti ìgbà náà ló ti sùn. Ejò ń pa ènìyàn lọ́tùn-ún lósì, áktọ̀ wa ń sùn. Ó jí lẹ́ẹ̀kan, ó gún bọ́ọ̀sì lábẹ́rẹ́, ó tún sùn padà. Títí dòní, láàárín àwa tí a jọ wò ó, ẹni tó bá ń fi iṣẹ́ ṣeré, "dókítà Anakọ́ńdà" là ń pè é.

Gbogbo èyí la gbé mì. A gba ejò tó ń ké, a gba agbọ́n abẹ́ omi, a gba omi tó ń gun òkè. Ibì kan ṣoṣo la ti kọ̀.

Ejò ti wé mọ́ bọ́ọ̀sì, egungun ti ń dún, ó ti ya ẹnu, wọ́n sì fi wá sínú ọ̀fun ejò gan-an láti máa wo bí ojú bọ́ọ̀sì ṣe ń bọ̀ wá bá wa. A pariwo, "Páràgúè ti lọ!" NEPA mú iná lọ.

Ègún tí wọ́n ṣẹ́ fún NEPA lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ká ní ó ń jà ni, kò ní ku òpó kan ní gbogbo Abẹ́òkúta. Bọ̀dá ò ní jẹnẹrétọ̀. A jókòó sínú òkùnkùn, a bẹ̀ ẹ́ pé kó parí rẹ̀ fún wa, torí ó ti wò ó tẹ́lẹ̀. Ó wú ikọ́. Ó ní ejò náà lé obìnrin inú ọkọ̀, nígbà tó dé iwájú rẹ̀, ó bi bọ́ọ̀sì jáde lódindi. Bọ́ọ̀sì wá sílẹ̀, itọ́ ejò ti bò ó látòkè délẹ̀, awọ ojú rẹ̀ ti bó. Ó gbójú sókè wo obìnrin náà, ó sì ṣẹ́ ojú kan sí i.

"Irọ́!"

"Bọ̀dá, ẹ má tàn wá jẹ!"

Ẹnì kan tó dàgbà jù wá lọ ní kí bọ̀dá dá náírà 10 òun padà. Ẹni tí ejò run egungun rẹ̀, tó gbé mì, tó tún bì, ló wá ń ṣẹ́jú sí obìnrin? Bọ̀dá fi ìyá rẹ̀ búra. A ní kí ó fi Ògún búra. Ó fi Ògún búra, ó fi ẹnu kan irin ìlẹ̀kùn, síbẹ̀ a kò gbà. Ọ̀rọ̀ náà di ìjà. Ọjọ́ méjì gbáko ni iná kò fi dé, ọjọ́ méjì náà la fi pín sí ọ̀nà méjì ládùúgbò, àwọn tó ní ó lè ṣẹ́jú àti àwọn tó ní kò lè ṣẹ́jú, àwọn tó ní kò lè ṣẹ́jú ló sì pọ̀ jù.

Mo gbé ẹjọ́ náà dé iwájú ìyá mi àgbà. Ó ń ku láfún lọ́wọ́, kò wo ẹ̀yìn.

"Ọkùnrin yẹn, ṣé èèyàn burúkú ni?"

"Ó burú, ìyá."

"Ṣé èèyàn burúkú máa ń kú lẹ́ẹ̀kan náà ni?"

Ó ti dájọ́ nìyẹn, láìrí fíìmù.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ìlú tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í yà lẹ́nu ni wọ́n bí mi sí. Ní Abẹ́òkúta níbí ni wọ́n bí Amos Tutuola ní 1920. Òun ló kọ ọkùnrin arẹwà tó yá gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ lò lọ sọ́jà, tó ń dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà ilé títí tó fi ku agbárí nìkan. Nígbà tí ìwé yẹn, The Palm-Wine Drinkard, jáde ní London ní 1952, Dylan Thomas, akéwì ọmọ Wales, yìn ín. Nílé níbí, ojú ń ti ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé wa. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wọ́, wọ́n ní àwọn òyìnbó á máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 1954 ó tún gbé ìwé mìíràn jáde, My Life in the Bush of Ghosts, iwin obìnrin kan sì wà nínú rẹ̀ tí egbò bò, tó ní tẹlifíṣọ̀n ní àtẹ́lẹwọ́. Ọmọ tó sọnù sínú igbó wo àtẹ́lẹwọ́ náà, ó rí ìyá rẹ̀, ó rí ìlú rẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, nítorí náà Tutuola ti fi tẹlifíṣọ̀n sọ́wọ́ iwin kí ìjọba tó fi sílé ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó kú ní oṣù kẹfà 1997, oṣù méjì péré lẹ́yìn tí Anaconda jáde. Mo máa ń rò ó pé bó bá rí i ni, kò ní ní ìṣòro kankan pẹ̀lú ejò tó ń ké. Àfi bóyá kó béèrè ìdí tí orí rẹ̀ fi jẹ́ ẹyọ kan.

Alẹ́ ọjọ́ kẹta ni iná dé. "Ọ́ọ̀pù NEPA!" kò tíì tán lẹ́nu àwọn ọmọdé tí a ti kún inú ṣọ́ọ̀bù dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn tí kò wá níjọ́sí wá, torí ìjà. Bọ̀dá ní kí gbogbo ènìyàn tún owó san, kò sẹ́ni tó jiyàn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun fo ibì kan.

Ìyá àgbà ti rán mi lọ pọnmi. Korobá náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi lábẹ́ bẹ́ǹṣì, òfìfo. Nígbà tí ejò máa fi gbé bọ́ọ̀sì mì, mo gbójú sókè báyìí, mo rí òjìji kan lẹ́nu ọ̀nà, pàṣán wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ ìró, mo mọ gèlè. Mo ti ń ṣe ẹ̀yìn gírí láti gbà á. Ejò sì ké. Ìyá àgbà yíjú sí tẹlifíṣọ̀n, ó dúró.

Ejò gòkè, ejò sọ̀kalẹ̀, ó dé iwájú obìnrin, ó ya ẹnu, ó pọ bọ́ọ̀sì jáde pẹ̀lú itọ́ tó ń yọ̀ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ẹnikẹ́ni kò mí. Bọ́ọ̀sì gbójú sókè.

Ó ṣẹ́jú.

Mi ò tíì rí ibi tí inú ènìyàn ti dùn bẹ́ẹ̀ yẹn nítorí pé wọ́n jẹ̀bi. Wọ́n gbé bọ̀dá sókè títí orí rẹ̀ fi kan páànù. Ẹni tó ní kó dá náírà 10 òun padà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú èèpo ẹ̀pà. Wọ́n ní kó yí i padà, ó yí i padà, bọ́ọ̀sì tún ṣẹ́jú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la wò ó. Ohun tí a kò gbà lẹ́nu bọ̀dá tó fi Ògún búra, a gbà á lẹ́nu ejò onírọ́bà, inú wa sì dùn.

Ohun ayọ̀ kejì ṣì wà níwájú. Ice Cube, olórin ráàpù, wà nínú ọkọ̀ náà, a sì ti ń ka ìṣẹ́jú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí a ti mọ̀ pé nínú fíìmù ẹ̀rù àwọn òyìnbó, aláwọ̀ dúdú kì í bá wọn débi tí orúkọ ti ń gòkè. Ó yè. Òun ló gbé àáké lé ejò lórí nígbẹ̀yìn. Jennifer Lopez, obìnrin tí bọ́ọ̀sì ṣẹ́jú sí, náà yè. Dókítà tó ń sùn yè pẹ̀lú, èyí tí kò yẹ.

Bí iná ṣe tàn nínú ṣọ́ọ̀bù, ìyá àgbà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ejò kì í ké." Ó ronú díẹ̀. "Èyí tó kù dáa." Ó mú korobá lọ́wọ́ mi, ó kọjú sílé. Pàṣán náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí a fi délé, ó ti gbàgbé ohun tó torí rẹ̀ mú un wá. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀sẹ̀ méjì ni kò sẹ́ni nínú wa tó fẹ́ sún mọ́ odò Ògùn. Ìyá àgbà ní ìránù ni, pé Yemọja ló ni odò yẹn, kò sì ní gbà kí ejò àlejò wá gbé nílé òun láìsan owó ilé.

Ní 2009, mo tún un wò. Èmi nìkan ni, lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká, nínú yàrá kan tí mo rẹ́ǹtì, pẹ̀lú íápíìsì létí. Gẹ̀ẹ́sì ti yé mi. Ìyẹn ló bà á jẹ́. Ejò kò gbé bàbá ẹnikẹ́ni mì. Bọ́ọ̀sì kò búra níwájú òkú ìyá kankan. Ó kàn fẹ́ mú ejò náà láàyè kó lè tà á lówó gọbọi ni. Owó! Mo dá fíìmù dúró, mo jókòó wo ògiri. Àwọn tó kọ ọ́ ní Hollywood, tí wọ́n náwó mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù lé e, kò ronú dé ibi tí atún-rédíò-ṣe kan ní Lafẹ́nwá ronú dé lórí ìdúró. Bọ̀dá ti fún wọn ní ìdí tó dára ju tiwọn lọ lọ́fẹ̀ẹ́, wọn kò sì ní mọ̀ láyé.

Ìgbà yẹn náà ni mo kà pé àwọn tó ń fi ẹ̀bùn Razzie dá fíìmù burúkú lọ́lá yan Anaconda sí ọ̀nà mẹ́fà. Wọ́n yan Jon Voight àti ejò pọ̀ gẹ́gẹ́ bí tọkọtaya tó burú jù lójú fíìmù. Mo rẹ́rìn-ín débi tí ẹni tó wà ní yàrá kejì fi kan ògiri. Síbẹ̀ fíìmù náà pa ju mílíọ̀nù 130 dọ́là lọ káàkiri àgbáyé, Roger Ebert, tí ẹnu rẹ̀ mú nídìí fíìmù ní Amẹ́ríkà, sì fún un ní ìràwọ̀ mẹ́ta àtààbọ̀ nínú mẹ́rin. (Wọ́n ṣe òmíràn ní 2004, wọ́n gbé anaconda lọ sí Borneo, ibi tí kò sí anaconda kankan. Mo wo ìyẹn náà.) Mo wá ibi tí omi ti ń gun òkè, mo rí i. Àwọn tó ya àwòrán ló yí ìrìn ọkọ̀ náà padà sẹ́yìn, wọ́n gbàgbé pé omi wà lẹ́yìn rẹ̀, omi náà bá wọn yí padà. Bọ̀dá kò jẹ̀bi, rìmóòtù kò jẹ̀bi.

Ìyá àgbà ti ní àlàyé tirẹ̀ fún un tipẹ́. Lọ́sẹ̀ tí a wo fíìmù yẹn gan-an, NEPA tún ti ṣe tiwọn, òṣùpá mọ́ kedere. Ó jókòó sórí àpótí níwájú ilé, àwa ọmọdé tẹ́ ẹní. Ó ní, "Ààlọ́ o!" A ní, "Ààlọ̀!" Ó ní àlọ́ òun dá lórí Ìjàpá tìrókò, ọkọ Yánníbo, tó wọ ọkọ̀ lábẹ́ afárá Lafẹ́nwá, tó ń lọ mú ejò ńlá kan tó ń gbé nísàlẹ̀ odò Ògùn. A wo ara wa. Ẹnì kan ní, "Ìyá, Anakọ́ńdà nìyẹn." Ó ní ta ló ń pa àlọ́, òun ni àbí òun kọ́?

Ejò tirẹ̀ kò ké. Ó fi orin sí i lẹ́nu, ó ní kí a máa gbè é, a gbè é. Yánníbo kì í sùn, òun ló ń tukọ̀. Nígbà tí Ìjàpá dé ibi àpáta, tí omi ti ń já ṣọ̀ọ̀rọ̀ wálẹ̀, ejò yọ orí. Omi rí ejò, àyà omi já, ó pẹ̀yìn dà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lọ.

Ọmọ apẹja fò dìde lórí ẹní, ó lu àyà rẹ̀, ó ń wo wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Jókòó," ìyá àgbà ní, "ejò ṣì ń bọ̀."